Gbohùngbohùn Inú Ọ̀pá Èéfín: Ìtàn Ìlú Zschopau àti Alùpùpù Rẹ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn àwọn ọba, ti àwọn jagunjagun àti ti àwọn ìlú ńlá ni ó sáàbà máa ń wà lẹ́nu wa. N kò sọ pé èyí kò dára, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìtàn àwọn baba rẹ̀ kò mọ ibi tí òun ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ fún mi láyè láti sọ ìtàn ohun kan tí ó rẹlẹ̀ ju ìtẹ́ ọba lọ. Ohun náà ni ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde lára alùpùpù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sàlẹ́ńsà. Irin pẹlẹbẹ tí a ká, tí a sì jó pọ̀ ni. Owó irin náà kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó mú kí ọkùnrin kan sá kúrò ní ìlú rẹ̀ ní 1961. Òun ni ó ran ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Jàpáànù lọ́wọ́ láti di olókìkí. Òun kan náà sì ni ọkùnrin mìíràn fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe, tí àwọn ẹlòmíràn sì fi gba ife ẹ̀yẹ lójú rẹ̀.

Ìdí mìíràn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni àṣìrò kan tí ó wọ́pọ̀ ní ìgboro wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gun ọ̀kadà a máa gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọn a ní kí ó gé ìdí sàlẹ́ńsà kúrò, tàbí kí ó lu ú ní ihò, tàbí kí ó yọ gbogbo irin tí ó wà nínú rẹ̀ dànù. Owó tí wọ́n ń ná sí i kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti taná sí i, tí ariwo rẹ̀ sì gba àdúgbò kan, inú wọn a dùn, wọn a ní agbára ti dé. Mo ti bá púpọ̀ nínú wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá: òtítọ́ ni pé agbára wà nínú ọ̀pá èéfín, òtítọ́ sì ni pé ènìyàn lè fi owó díẹ̀ wá a rí. Ṣùgbọ́n ariwo kọ́ ni agbára náà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni yóò fi ibi tí ó wà hàn wá.

Kí ìtàn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnì. Oríṣi ẹ́ńjìnì alùpùpù méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí písítìn rẹ̀ ń rin ìrìn mẹ́rin, méjì sókè, méjì sódò, kí ó tó parí iṣẹ́ kan. Irú èyí ni ó pọ̀ jù ní ìgboro wa lónìí. Èkejì ni èyí tí ń rin ìrìn méjì péré, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sódò. Èyí ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí ẹ́ńjìnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nínú onírìn méjì yìí, kò sí fáàfù tí ń ṣí tí ń sé lórí sílíńdà. Ihò ni wọ́n dá sí ara sílíńdà: afẹ́fẹ́ tí a ti po mọ́ epo ń gba ihò kan wọlé, èéfín ń gba ihò mìíràn jáde, písítìn fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí wọn tí ó ń bò wọ́n bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ nìyí: ihò àbáwọlé àti ihò àbájáde a máa wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyáálé kan bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí èéfín lè jáde kúrò nínú ilé ìdáná, tí àwọn adìyẹ tí ó so mọ́lé sì gba ibẹ̀ jáde, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí onírìn méjì. Epo tuntun tí kò tíì jóná a máa bá èéfín jáde lọ. Owó ń ṣòfò, agbára kò sì pé. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń fi onírìn méjì díje a máa lo ẹ̀rọ tí ń fi tipátipá rọ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì láti fi dí òfò náà. Ṣùgbọ́n ní 1946, àwọn aláṣẹ eré alùpùpù fi òfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ gbà pé onírìn méjì kò wúlò fún ìdíje mọ́. Wọ́n ní ó pọ́ọ́kú, ó rọrùn láti tún ṣe, kí ó máa gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kí ó sì máa gbé wọn bọ̀.

Ìlú kékeré kan wà ní ẹkùn Saxony ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zschopau. Ibẹ̀ ni Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tẹ ilé iṣẹ́ kan dó sí kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ni ó wá ń jẹ́ DKW. Nígbà tí àwọn ọdún 1920 fi ń parí lọ, kò sí ilé iṣẹ́ kan ní gbogbo ayé tí ń ṣe alùpùpù tó DKW, onírìn méjì ni wọ́n sì fi dá orúkọ. Ní 1939, wọ́n gbé alùpùpù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní RT 125. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin márùn-ún, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìdí irin díẹ̀ ni ó sì lè tú u kí ó tún un tò.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, apá tí Rọ́ṣíà gbà nínú ilẹ̀ Jámánì ni Zschopau bọ́ sí. Àwọn ará Rọ́ṣíà tú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì kó wọn lọ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Àwòrán RT 125 náà di ìkógun. Rọ́ṣíà ṣe tirẹ̀, ó pè é ní Moskva. Ní 1948 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé BSA Bantam jáde, Harley-Davidson ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Nígbà tí ó di 1955, Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáànù yọ alùpùpù àkọ́kọ́ tí ó ṣe láyé rẹ̀, YA-1, láti inú àwòrán kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀: kí ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ọgbọ́n Zschopau ti fọ́n ká ayé, tí ìlú tí ó bí i sì jókòó sínú àìní.

Nínú àìní yìí ni Walter Kaaden ti dìde. Pobershau, ìletò kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Zschopau, ni a gbé bí i ní 1919. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Chemnitz. Nígbà ogun ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Henschel, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti ohun ìjà. Nígbà tí ogun parí, ó padà sílé, ó ń ṣòwò igi òrùlé fún àwọn ilé tí bọ́ǹbù bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára alùpùpù. Ó mú RT 125 kan, ó tún un ṣe fún ìdíje, ó sì ń fi í sáré. Ní 1953, àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ Zschopau fi í ṣe olórí ẹ̀ka eré ìdíje wọn. Ní 1956 ni ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà, èyí ni MZ.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé Kaaden ni ó dá gbogbo nǹkan rò. Ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Daniel Zimmermann, tí ń tún alùpùpù ṣe fúnra rẹ̀, ti fi irin pẹlẹbẹ róbótó kan sí ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọ inú RT 125 tirẹ̀; bí irin náà bá ti ń yípo ni ó ń ṣí ọ̀nà tí ó sì ń sé e lákòókò tí ó yẹ. Kaaden gba èyí lò. Ní apá Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí àwọn ará DKW tí ó sá kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà ti tún ilé iṣẹ́ dá sílẹ̀ ní Ingolstadt, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Erich Wolf ti fi ọ̀pá èéfín tí ó wú láàárín sára àwọn alùpùpù ìdíje rẹ̀ ní 1951. Kaaden rí i, ó sì ronú sí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kí ni Kaaden wá fi kún un? Wíwọ̀n ni. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ rí i pé ọ̀pá tí ó wú a máa mú ẹ́ńjìnì ta kìjí, wọ́n sì ń ki í láyà wò bí ẹni ń fọ́nà nínú òkùnkùn. Òun gbé ẹ̀rọ oscilloscope wá, èyí tí ń ya àwòrán ìgbì sí ojú dígí, ó sì fi í wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi etí gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ariwo, òun fi ojú rí i gẹ́gẹ́ bí ìlà tí ń lọ sókè sódò, tí a lè wọ̀n, tí a sì lè ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó rí. Nígbà tí ihò èéfín bá ṣí, èéfín gbígbóná a bú jáde bí ìbọn, ìbújáde yìí a sì di ìgbì tí ń sáré lọ nínú ọ̀pá. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí ènìyàn bá kígbe sí ẹ̀gbẹ́ òkè, gbohùngbohùn a dá a lóhùn. Ìgbì inú ọ̀pá náà ní gbohùngbohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìdáhùn tí yóò mú wá dúró lórí bí ọ̀pá náà ti rí. Níbi tí ọ̀pá bá ti ń gbòòrò sí i, ìdáhùn tí ń fa nǹkan mọ́ra ni yóò padà wá. Níbi tí ó bá ti ń fún sí i, ìdáhùn tí ń ti nǹkan sẹ́yìn ni yóò padà wá.

Ẹ fojú inú wo àrọ méjì, irú èyí tí àwọn oníkẹrosíìnì fi ń rọ epo sínú ìgò. Ẹ dojú wọn kọ ara wọn, ẹnu ńlá sí ẹnu ńlá, kí ẹ jó wọn pọ̀. Ẹ so ìdí èkíní mọ́ ihò èéfín lára sílíńdà, kí ẹ sì fi ọ̀pá tín-ín-rín kan sí ìdí èkejì, kí èéfín lè rí ibi gbà jáde sí gbangba. Nígbà tí ìgbì bá wọ inú àrọ kìíní tí ń gbòòrò, ìdáhùn rẹ̀ a fa ìyókù èéfín jáde nínú sílíńdà, a sì fa epo tuntun wọlé tẹ̀lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ nínú epo náà yóò tilẹ̀ dà sínú ọ̀pá. Nígbà tí ìgbì kan náà bá dé àrọ kejì tí ń fún, ìdáhùn rẹ̀ a sáré padà wá, a sì ti epo tí ó ti jáde náà padà sínú sílíńdà, ní kété tí písítìn fẹ́ bo ihò. Àwọn adìyẹ ìyáálé wa ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti lé wọn padà sínú ilé kí ilẹ̀kùn tó sé.

Gbogbo rẹ̀ dúró lórí àkókò, ẹ sì jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yípo ní ìgbà 10,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 180 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìyípo kan gba nǹkan bí 5.6 nínú rẹ̀. Bí ihò èéfín bá wà ní ṣíṣí fún ìdajì ìyípo, àkókò tí ó kù fún wa kò ju 2.8 lọ. Nínú èéfín gbígbóná, ìgbì a máa sáré tó nǹkan bí 500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ó lè rin 1.4 mítà kí ihò tó sé, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Àlọ nìkan jẹ́ nǹkan bí 70 sẹ̀ntímítà. Àgbègbè ibẹ̀ ni àrọ kejì ti gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀pá bá gùn jù, gbohùngbohùn yóò dé nígbà tí ilẹ̀kùn ti sé. Bí ó bá kúrú jù, yóò ti dé kí àkókò rẹ̀ tó tó. Bí awakọ̀ bá sì jẹ́ kí ìyára ẹ́ńjìnì wálẹ̀ púpọ̀, ìṣirò náà kò bá a mu mọ́, agbára a sì lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀: a ní láti máa yí jíà nígbà gbogbo kí ẹ́ńjìnì má ba à jáde kúrò ní ibi tí agbára rẹ̀ wà.

Ohun èlò láti fi ṣe ọ̀pá náà kò ju irin pẹlẹbẹ, ohun ìgérin, òòlù àti iná ìjórin lọ. A ó gé irin náà bí abẹ̀bẹ̀, a ó ká a bí ìyá ẹlẹ́pà ti ń ká bébà, a ó sì jó etí rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ bí a ti fẹ́, a ó gé e, a ó fi díẹ̀ kún un tàbí kí a yọ díẹ̀ kúrò, a ó tún un dán wò. Ìlú tí kò lówó lọ́wọ́ lè ṣe é, àwọn ará Zschopau sì ṣe é.

Èso iṣẹ́ náà hàn. Ní 1954, ẹ́ńjìnì 125 cc ti Kaaden ti ní agbára ẹṣin 13. Ní 1961, ó ti di 25. Bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n, ẹṣin 200 ni fún lítà kan. A sì ka ẹ́ńjìnì yìí sí àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀ láìlo ẹ̀rọ tí ń rọ afẹ́fẹ́ tipátipá. Ẹ rántí pé RT 125 ti 1939, tí ó jẹ́ baba rẹ̀, kò ní tó ẹṣin márùn-ún. Ní 1958, Horst Fügner gun MZ borí nínú ìdíje àgbáyé ní ilẹ̀ Sweden. Ní 1959, Ernst Degner borí ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó kò lè fi onírìn méjì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ernst Degner yìí ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Kì í ṣe awakọ̀ lásán. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, Kaaden kò sì fi nǹkan pamọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n bá jáde lọ díje ní òkè òkun, ó ń rí bí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ayé, ó sì ń fi tirẹ̀ wé e. Ní 1961, ní erékùṣù Isle of Man, ilé ìtura kan náà ni àwọn ará MZ àti àwọn ará Suzuki ti ilẹ̀ Jàpáànù dé sí. Suzuki ní owó, ó ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó ní òṣìṣẹ́ tí kò mọ àárẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù rẹ̀ kò yára. MZ ní ọgbọ́n, kò ní owó. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí. Degner àti Suzuki bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi tí ó pín ìlú Berlin sí méjì. Ọ̀nà àbájáde sé. Ní oṣù kẹsàn-án, Degner tún borí ní Monza, ife ẹ̀yẹ àgbáyé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni ìdíje wáyé ní Kristianstad ní ilẹ̀ Sweden. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìdíje náà, Degner kò padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Denmark kọjá sí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí ó ti bá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ kan ti fi wọ́n pamọ́ sínú ibi ẹrù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì ti gbé wọn kọjá ẹnu ibodè. Tom Phillis, tí ń gun Honda, ni ó gba ife ẹ̀yẹ náà ní ìdíje ìkẹyìn ní Argentina.

Lẹ́yìn náà, Degner kọjá sí Hamamatsu ní ilẹ̀ Jàpáànù, ó sì fi ohun tí ó mọ̀ han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Suzuki. Ní 1962, Suzuki gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù 50 cc. Degner fúnra rẹ̀ ni awakọ̀. Ṣùgbọ́n ayé kò dùn fún un pẹ́. Ní 1963, iná jó o gidigidi nínú ìjàǹbá kan ní pápá Suzuka, ó sì kú ní 1983 kí ó tó pé ọdún 52. Kókó ọ̀nà kan ní pápá náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní ti Kaaden, ó dúró sí Zschopau, ó ń bá iṣẹ́ lọ. MZ tún borí nínú ìdíje ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé rí. Kaaden kú ní 1996.

Ṣé olè ni Degner? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fa àríyànjiyàn jù nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń jíròrò ìtàn yìí. Ọ̀kan ní olè ni, nítorí pé ó jẹ nínú àwo Kaaden tán, ó sì gbé àwo náà lọ fún ẹlòmíràn. Èkejì ní kò sí olè níbẹ̀: ta ni ó ni ìgbì? Kaaden kọ́ ti Zimmermann, ó wo ti Wolf. Àwọn aṣẹ́gun sì ti pín RT 125 láàárín ara wọn láìsí ẹni tí ó pè wọ́n lólè. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Kíkọ́ ọgbọ́n lára ohun tí ó wà ní gbangba yàtọ̀ sí títà àṣírí ẹni tí ó finú hàn ọ́. Níhìn-ín Degner jẹ̀bi Kaaden. Ṣùgbọ́n n kò lè dá ẹni tí ó wá ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ má dàgbà sínú odi lẹ́bi pé ó sá. Ìjọba tí ó mọ odi náà ni ó sọ ọgbọ́n Degner di owó kan ṣoṣo tí ó lè fi ra ọ̀nà àbájáde. Odi náà dá ènìyàn dúró. Kò dá gbohùngbohùn dúró.

Láti ìgbà náà, ọ̀pá alárọ méjì gba ayé kan. Láti 1975 títí di 2001, onírìn méjì ni ó gba gbogbo ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 500 cc. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé ọgbọ́n náà tún padà sọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó. Ní 1973, Gordon Jennings, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tí ó fi ìṣirò náà lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó lè kàwé, tí ó sì ní ohun ìgérin. Àwọn ọ̀dọ́ ń gé páálí sí ìrí abẹ̀bẹ̀ nílé ara wọn, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì ń jó ọ̀pá tiwọn. Nígbà tí àwọn alùpùpù kéékèèké Suzuki àti Yamaha tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn dé ìgboro wa, irú ọgbọ́n yìí wà nínú ìdílé tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn 2011, onírìn méjì kúrò nínú ìdíje ńlá náà, nítorí pé òfin ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ ti lé e kúrò lọ́jà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ máa fi ohun tí wọn kò tà mọ́ díje.

Ó yẹ kí a ti rí èsì tí a óò fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń gé sàlẹ́ńsà. Ẹni tí ó bá gé ọ̀pá onírìn méjì ti gé gbohùngbohùn rẹ̀: adìyẹ yóò máa jáde, kò ní sí ẹni tí yóò lé e padà, epo yóò máa ṣòfò, agbára yóò sì dín. Onírìn mẹ́rin ní fáàfù, nítorí náà ìyà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ìgbì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá tirẹ̀ náà, bí a bá sì gé e láìtún kábúrétọ̀ tò, epo àti afẹ́fẹ́ lè má bá ara mu mọ́. Ariwo tí ó kù náà, àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ ọwọ́ àti àwọn tí ń kàwé lóru ni ń gbé e ru. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìfẹ́ àtifọwọ́ ara ẹni mú nǹkan sunwọ̀n tí ó wà nínú wọn ni ó wà nínú Kaaden. Ohun tí wọn kò ní ni ìwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní èdè tí ó yé wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn mẹkáníìkì àti wẹ́dà wa ní ọgbọ́n púpọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n mọ bí a ti ń fi irin àlòkù ṣe ohun tí kò sí lọ́jà, wọ́n sì ní orúkọ fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n náà kò sí nínú ìwé kankan, bí ọ̀gá bá sì kú, a bá a lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olúkúlùkù wa, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, mú ìwé àti kálàmù lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní ìlú rẹ̀, kí ó kí ọ̀gá ibẹ̀ dáadáa, kí ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí a bá mú wọn wá, ó yẹ kí ìwé wa yìí rí àyè fún wọn.